Odò Gáḿbíà: Ìbéèrè Tí Àwọn Arìnrìn-àjò Máa Ń Bèèrè, Pẹ̀lú Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń lọ sí Gáḿbíà, etíkun là ń dúró sí. Hòtẹ́ẹ̀lì, iyanrìn òkun, orin lálẹ́, ó parí. A ó padà délé, a ó ní a ti rí Gáḿbíà. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ojú wa kò tó gan-an ni odò tó sọ ilẹ̀ náà lórúkọ. Mo kọ ìbéèrè àti ìdáhùn wọ̀nyí fún ẹni tó fẹ́ wọ inú lọ, tó fẹ́ tẹ̀ lé omi náà dé ibi tí àwọn ìlú kéékèèké wà.

Níbo ni odò náà ti ṣàn wá, kí ló sì dé tí wọ́n fi ń sọ pé odò ni orílẹ̀-èdè náà?

Orí òkè Fouta Djallon ní Guinea ló ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà kọjá, ó la Gáḿbíà já, ó sì wọ Òkun Àtìláńtíìkì lẹ́bàá Banjul. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 1,120 km. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́tùn-ún lósì odò yìí ni orílẹ̀-èdè Gáḿbíà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tó ti fẹ̀ jù, láti ààlà kan dé èkejì kò ju nǹkan bí 50 km. Sẹ̀nẹ̀gà yí i ká níhà mẹ́ta, òkun ló ṣẹ́ kù.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ń júwe ọ̀nà fún yín níbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò sọ ni bóyá ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ wà ní apá àríwá odò tàbí apá gúúsù. Ẹ fi í sọ́kàn, torí afárá kò pọ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, afárá Senegambia tó wà láàárín Farafenni àti Soma, oṣù kìíní ọdún 2019 ni wọ́n ṣí i. Kó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ akérò ojú omi ni gbogbo èèyàn ń dúró dè, àwọn awakọ̀ ẹrù sì lè sùn síbẹ̀.

Ṣé ọmọ Nàìjíríà nílò físà?

Rárá. ECOWAS ni wá, wọ́n á gbà yín láàyè fún 90 ọjọ́. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù tí àkókò rẹ̀ kò tíì tán àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yẹ́lò káàdì. Wọ́n máa ń bèèrè káàdì yìí lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ilẹ̀ wa wá. Ẹ dín wákàtí kan kù lójú aago yín tẹ́ ẹ bá ti dé.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ?

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Òjò ti dá, ilẹ̀ ṣì tutù, koríko kò tíì gbẹ tán, àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù Yúróòpù sì ti dé. Òjò wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹfà, ó sì máa ń lọ títí di oṣù kẹwàá. Oṣù kẹjọ ló máa ń pọ̀ jù.

Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ni kí ẹ bẹ̀rù. Ooru òkè odò nígbà yẹn kì í ṣe ti etíkun rárá, torí afẹ́fẹ́ òkun kì í dé ibẹ̀. Ó máa ń kọjá 40°C lọ́sàn-án. Mo mọ àwọn tó ní àwọn ti mọ ooru nílé, pé kò sí èyí tó lè ba àwọn lẹ́rù. Ooru gbígbẹ tó ń gba omi ara ẹni lọ láìjẹ́ kó mọ̀ pé òun ń làágùn yàtọ̀ sí ti Èkó.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ewéko tútù lè lọ nígbà òjò. Odò a kún, pápá ìrẹsì a máa dán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà abúlé á ti di ẹrẹ̀, ẹ̀fọn á pọ̀, àwọn àgọ́ àlejò kan á sì ti ti ilẹ̀kùn.

Báwo la ṣe ń dé òkè odò?

Ọ̀nà ọ̀dà wà ní apá méjèèjì odò. Láti etíkun dé Basse, ìlú ńlá tó wà níhà ìlà-oòrùn pátápátá, jẹ́ nǹkan bí 370 km. Ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní gelegele ń lọ síbẹ̀. Ó máa ń dúró kó kún kó tó gbéra, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní sùúrù fún un. Bẹ́ ẹ bá pé mẹ́rin, ẹ háyà mọ́tò pẹ̀lú awakọ̀ ọmọ ibẹ̀. Owó náà kò ní dunni tẹ́ ẹ bá pín in, awakọ̀ náà yóò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró àti ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ló dùn jù, òun ló sì pẹ́ jù. Kò sí ọkọ̀ omi tó ń kó èrò lójoojúmọ́ láti Banjul dé òkè. Èyí tó bá wà, ti ìrìn-àjò afẹ́ ni, ẹ ó sì bá wọn dá a tẹ́lẹ̀. Ohun tí èmi máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n wọ mọ́tò lọ, kí wọ́n wá gba ọkọ̀ onígi fún wákàtí mélòó kan ní àwọn ìlú etí odò bíi Tendaba, Kuntaur tàbí Janjanbureh. Ibẹ̀ lojú ti ń rí nǹkan.

Ọjọ́ mélòó ló tó?

Ọjọ́ kan kò tó, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á mú yín lọ Janjanbureh kó sì mú yín padà lọ́jọ́ kan náà ń fi ojú ọ̀nà hàn yín ni. Ẹ sun oru méjì lókè odò, ó kéré tán. Bó bá lè di mẹ́rin, ẹ óò lè dúró ní Tendaba nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ.

Erékùṣù Kunta Kinteh: kí ló wà níbẹ̀?

Àwókù ilé odi, igi oṣè, omi odò náà yíká. Ẹ má retí ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ojú. Ohun tó wà níbẹ̀ fún ọkàn ló pọ̀. Àwọn ará Courland, ìlú kékeré kan ní àríwá Yúróòpù, ló kọ́ odi síbẹ̀ lọ́dún 1651. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́dún 1661, wọ́n sì sọ ọ́ ní James Island. Láti ìgbà náà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń bá ara wọn jà lé e lórí, wọ́n sì ń kó èèyàn gba ibẹ̀ lọ sóko ẹrú. Lọ́dún 2011 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Kunta Kinteh, ọkùnrin Mandinka (ẹ̀yà kan ní Gáḿbíà) tí Alex Haley, ọmọ Amẹ́ríkà, sọ ìtàn rẹ̀ fáyé gbọ́ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1976.

UNESCO, àjọ ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, kọ erékùṣù náà àti àwọn ibi tó bá a tan mọ́ ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2003. Lára àwọn ibi náà ni ilé àtijọ́ ní Albreda àti Juffureh, abúlé méjì tó wà létí odò nítòsí rẹ̀, àti odi Bullen ní Barra. Omi ti jẹ lára erékùṣù náà gan-an, ó kéré sí bó ṣe wà nígbà tí àwọn òyìnbó ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ti kó òkúta yí etí rẹ̀ ká kó má baà tán. Ẹ má gun orí ògiri. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé àkójọ nípa òwò ẹrú tó wà ní Juffureh kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí àwọn òkúta náà lè sọ̀rọ̀ fún yín nígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Àwọn kan máa ń tọrọ owó lọ́wọ́ àlejò ní abúlé náà, ó sì máa ń bí àwọn èèyàn nínú. Ẹ bá afinimọ̀nà yín sọ ọ́ kí ẹ tó débẹ̀, kó bá yín fún alkalo, ìyẹn baálẹ̀ wọn, ní ohun tó yẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òkúta Wassu ńkọ́? Ṣé ó yẹ ká rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ torí òkúta?

Ó yẹ. Bí mo bá ní ibì kan ṣoṣo láti mú ẹni tí mo fẹ́ràn lọ ní Gáḿbíà, Wassu ni, abúlé kan nítòsí Kuntaur.

Yangí ni àwọn òkúta náà, yangí pupa kan náà tá a mọ̀. Wọ́n gbẹ́ wọn ní odindi láti inú ilẹ̀, wọ́n mú kí ara wọn dán, wọ́n sì gbé wọn dúró yíká yíká bí àwọn àgbà tó jókòó nípàdé. Òmíràn ga ju èèyàn lọ dáadáa, ìwúwo rẹ̀ á sì tó tọ́ọ̀nù mélòó kan. Ibojì ló wà láàárín wọn. Irú àwọn nǹkan yìí lé ní 1,000 lójú ilẹ̀ tó tó 350 km lẹ́bàá odò Gáḿbíà, ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà. Mẹ́rin ni UNESCO mú lára wọn lọ́dún 2006: Wassu àti Kerbatch ní Gáḿbíà, Sine Ngayène àti Wanar ní Sẹ̀nẹ̀gà. Àádọ́rùn-ún-lé-mẹ́ta ni àgbo òkúta tó wà ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. Láti nǹkan bí 300 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì ń bá a lọ títí di nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600.

Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ àwọn tó ṣe é. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí kì í pe ara wọn ní ọmọ wọn, síbẹ̀ wọ́n bọ̀wọ̀ fún ibẹ̀. Ẹ óò rí òkúta wẹ́wẹ́ lórí àwọn ọ̀wọ̀n náà. Àwọn tó wá ṣèbẹ̀wò ló gbé wọn síbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ ọkàn wọn. Ẹ lè gbé tiyín kalẹ̀. Àmọ́ ẹ má mú ìkankan kúrò, ó lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ìyá ọlọ́mọ kan lẹ gbé sápò yẹn. Bẹ́ ẹ bá ráyè lọ sí Kerbatch, ẹ wo òkúta tó la orí sí méjì. Ó dá yàtọ̀ láàárín àwọn yòókù.

Àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ. Òòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí pupa òkúta náà hàn.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Gáḿbíà láti ayébáyé?

Òótọ́ ni, èyí gan-an ló kọ́kọ́ fà mí lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú lọ́dún 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rú lórí òkun, wọ́n sì ń já àwọn tó wà nínú rẹ̀ gbà. Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n ń kó wọn sí. Ogun tó tẹ̀ lé ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé ló mú kí Yorùbá pọ̀ láàárín wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu: ìkíni tí kò kúrò lẹ́nu wọn yìí ni àwọn tó yí wọn ká fi sọ wọ́n lórúkọ, wọ́n ń pè wọ́n ní Aku.

Lára àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ yìí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Gáḿbíà, àwọn kan sí Bathurst, tó ń jẹ́ Banjul báyìí, àwọn mìíràn sí erékùṣù MacCarthy ní àárín odò, níbi tí ìlú Janjanbureh wà. Ọdún 1823 ni Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù yìí. Georgetown ni wọ́n ń pe ìlú náà tẹ́lẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tí wọ́n mú ní ilẹ̀ wa, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí òkun, tó tún wá bá ara rẹ̀ ní ibi tí kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni. Àwọn náà gbin oko, wọ́n kọ́lé, wọ́n lọ sílé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì gba ẹ̀sìn Kristẹni.

Àwọn ọmọ wọn ṣì ń jẹ́ Aku. Wọn kò pọ̀ mọ́, Banjul àti agbègbè rẹ̀ ni púpọ̀ wọn ń gbé. Orúkọ òyìnbó ni wọ́n máa ń jẹ́, èdè wọn sì jọ Krio, èdè Gẹ̀ẹ́sì àdàlù tí wọ́n ń sọ ní Freetown. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń ta àkàrà lójú títì láàárọ̀, tí wọ́n sì ń pè é ní àkàrà, ẹ óò mọ̀ pé ẹnì kan gbé e dé ibẹ̀.

Ní Janjanbureh, ẹ rìn káàkiri ní ìlú náà. Kò tóbi. Àwọn ilé onípákó àtijọ́ ṣì wà, ilé ìtajà etí omi tí òrùlé wọn ti wó wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ Armitage tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1927 náà sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Wọ́n fi "ilé ẹrú" hàn wá ní Janjanbureh. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Ẹ wo ọdún rẹ̀. Òfin ti de òwò ẹrú ní 1807, Gẹ̀ẹ́sì sì gba erékùṣù náà ní 1823. Ilé ìtajà ni àwọn ilé tí wọ́n ń tọ́ka sí yẹn. Òwò ẹrú gba orí odò náà kọjá lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn, ìnira tó sì mú wá kò nílò àbùmọ́. Ohun tó dun mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìtàn òtítọ́ Janjanbureh, ìtàn àwọn tó bọ́ lóko ẹrú tó tún ayé wọn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ni ìtàn ilé ẹrú yìí ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ fi sùúrù bi afinimọ̀nà yín léèrè nípa àwọn Aku.

Ṣé lóòótọ́ la lè rí ìnàkí àti erinmi?

Bẹ́ẹ̀ ni, láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ọgbà orílẹ̀-èdè odò Gáḿbíà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1978, ní erékùṣù márùn-ún nítòsí Kuntaur. Ìnàkí ti parẹ́ ní Gáḿbíà tipẹ́tipẹ́. Stella Marsden, obìnrin òyìnbó kan, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ ìnàkí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹran igbó ní Abuko, ọgbà ẹranko kan nítòsí etíkun, lọ́dún 1969, wọ́n sì kó wọn lọ sí àwọn erékùṣù náà lọ́dún 1979. Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì bí síbẹ̀.

Àlejò kò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé erékùṣù náà, ọkọ̀ yín kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ etí rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi nǹkan dù yín. Ikọ́ tàbí òtútù tí kò ṣe wá ní nǹkan lè pa ìnàkí. Ẹ má ju oúnjẹ sí wọn, ẹ má sì bẹ awakọ̀ omi pé kó sún mọ́ ọn nítorí fọ́tò.

Erinmi náà wà ní agbègbè yìí, níbi tí omi kò ti níyọ̀ mọ́. Bẹ́ ẹ bá rí etí méjì àti imú lójú omi, ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹranko yìí burú nígbà tó bá rò pé wọ́n dí òun lọ́nà.

Ẹyẹ ńkọ́?

Irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí ní Gáḿbíà lé ní 500, fún ilẹ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Tendaba ni kí ẹ sùn sí. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ onígi ti ń kọjá sí Bao Bolong ní òdìkejì odò, níbi tí omi ti pín sí ọ̀nà tóóró tóóró láàárín igi màńgúrófù, igi tó ń hù nínú omi iyọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ní kùtù, kí omi òkun tó fà. Ẹ óò rí ẹyẹ apẹja aláràbarà lórí ẹ̀ka, idì apẹja lókè, àti ọ̀nì lórí ẹrẹ̀ bó bá yá a. Ọgbà Kiang West, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1987, wà lẹ́yìn Tendaba fún ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó. Ẹni tí kò ráyè kúrò létíkun lè lọ sí Abuko fún àárọ̀ kan.

Ẹ yá awò tó ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni bẹ́ ẹ kò bá ní. Láìsí i, ẹyẹ gbogbo á dà bí ẹyẹlé.

Ṣé a lè wẹ̀ nínú odò?

Ẹ má wẹ̀. Ọ̀nì àti erinmi jẹ́ ìdí kan, àmọ́ èyí tó máa ń ṣe àlejò níbi jù kì í fojú hàn: àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ ń jáde lára ìgbín kéékèèké inú omi tí kò níyọ̀, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Ó wà ní òkè odò, nínú àwọn adágún àti pápá ìrẹsì. Bí ẹsẹ̀ yín bá ti wọ irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà nígbà tẹ́ ẹ bá délé, kó yẹ̀ yín wò. Oògùn rẹ̀ wà.

Ìsàlẹ̀ odò níyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi òkun máa ń gòkè ju 200 km lọ, òjò á tún wá lé e padà. Ẹ wo bí màńgúrófù ṣe ń tán díẹ̀díẹ̀ tí igi ọ̀pẹ àti ewéko mìíràn sì ń bọ́ sípò rẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ pé ẹ ti kúrò lára omi iyọ̀.

Àǹtí ẹ̀fọn àti oògùn ibà, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì náà: ẹ bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Bí wọn kò bá ní, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.

Báwo la ṣe ń kí wọn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá kò ní ṣòro fún. Ìkíni ṣáájú ohun gbogbo níbẹ̀ bíi tiwa. Púpọ̀ wọn Mùsùlùmí ni, "Salaam aleikum" ló ń ṣílẹ̀kùn. Bí Mandinka bá bi yín pé ṣé dáadáa lẹ wà, "Kayira dorong" ni ìdáhùn, tó túmọ̀ sí pé àlàáfíà nìkan ni. Ẹ béèrè ilé, ẹ béèrè ọmọ, kí ẹ tó béèrè ọ̀nà. Ẹ bo èjìká àti orúnkún, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya èèyàn ní fọ́tò, ẹ sì kọ́kọ́ lọ kí alkalo bẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn ní abúlé.

Bẹ́ ẹ bá pàdé Kankurang, eégún àwọn Mandinka tí wọ́n fi èèpo igi pupa bo ara rẹ̀, ẹ ṣe ohun tí àwọn ará ibẹ̀ bá ṣe. Bí wọ́n bá sá, ẹ sá. Ọ̀rọ̀ ìkọlà àti ìtọ́jú àwọn ọmọdé ló wà fún, kì í ṣe eré àlejò.

Oúnjẹ àti owó?

Benachin ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ: ìrẹsì àti ẹja nínú ìkòkò kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n jọ̀lọ́ọ̀fù wa. Domoda jẹ́ ọbẹ̀ ẹ̀pà, ìrẹsì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Dalasi ni owó wọn. Ẹ ṣẹ́ ẹ tó ní etíkun, ní owó kéékèèké, torí ẹ̀rọ ìgbowó kò pọ̀ lókè odò. Ẹ gbé iná tọ́ọ̀ṣì àti páwà báńkì dání.

Ṣé a lè mú ọmọdé àti àgbàlagbà lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ ẹ bá lọ nígbà òtútù tẹ́ ẹ sì pín ọ̀nà náà sí méjì. Wassu rọrùn fún àgbà, ilẹ̀ tẹ́jú. Ọkọ̀ onígi ló lè ni wọ́n lára láti wọ̀.

Wọ́n ní ọ̀wọ̀n Mungo Park wà níbẹ̀. Ṣé ó yẹ ká lọ wò ó?

Ọ̀wọ̀n lásán ni fún ẹni tí kò mọ ìtàn. Ó wà nítòsí Karantaba, ní apá àríwá odò, níbi tí wọ́n ń pè ní Pisania láyé ìgbà náà. Ibẹ̀ ni Park ti gbéra lóṣù kejìlá ọdún 1795 láti lọ wá odò Ọya. Ó tún ti ibẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún 1805. Lọ́dún 1806 ló kú níbi tí omi ti ń ru ní Bussa, ní Nàìjíríà wa lónìí, ibẹ̀ sì ti wà lábẹ́ adágún Kainji láti nǹkan bí ọdún 1968. Láti Janjanbureh ni kí ẹ ti lọ, ẹ mú omi mímu dání, kí ẹ sì ti padà kó tó di ọ̀sán.